Orúkọ Fernandez tí wọ́n ń jẹ́ ní Èkó: ṣé Spéìn ló ti wá, báwo la sì ṣe lè tọpa rẹ̀?

Ìyá_Ìbejì_Sùúrùlérè:
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ ẹbí ló gbé mi dé. Ìyá tó bí ìyá mi, Fernandez ni wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n tó lọ sílé ọkọ, Pópó Àgùdà ní Erékùṣù Èkó sì ni ilé bàbá wọn. Kò sẹ́ni tó da orúkọ náà láàmú, títí ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní Houston fi ju àwòrán kan sórí WhatsApp ẹbí: asà pupa, ẹyẹ idì, idà méjì, wọ́n wá kọ FERNÁNDEZ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní àmì ìdílé wa nìyẹn, pé ọmọ ọlọ́lá láti Spéìn ni wá, kí kálukú dá owó ká fi ṣe férémù ńlá fún ọjọ́ ìbí màmá. Kí n tó mí, àbúrò màmá mi kan ti ní a lè fi orúkọ yẹn gba páspọ́ọ̀tù Spéìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, níbo ni orúkọ yìí ti wá gan-an? Ṣé gbogbo Fernandez ló bára tan ni? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí? Owó férémù ti ń wọlé o, ẹ tètè dá mi lóhùn.

Àjàní_Madrid:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ilé o. Ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n dáwọ́ owó dúró ná.

Fernández, ọmọ Fernando ni. Nílẹ̀ Spéìn láyé àtijọ́, orúkọ bàbá ni wọ́n máa ń mú, wọ́n á fi "-ez" tì í nídìí, á di orúkọ kejì fún ọmọ: ọmọ Rodrigo á jẹ́ Rodríguez, ọmọ Gonzalo á jẹ́ González, ọmọ Pedro á jẹ́ Pérez. Ibi tí "-ez" fúnra rẹ̀ ti wá, àwọn onímọ̀ èdè ò tíì fẹnu kò lé e lórí. Fernando ní tiẹ̀, àwọn Visigoth ló gbé e wọ ilẹ̀ náà, àwọn tó ń sọ èdè tó bá ti Jámánì tan, tí wọ́n jọba níbẹ̀ lẹ́yìn tí agbára Róòmù tán, kí àwọn Mùsùlùmí tó ti Àríwá Áfíríkà sọdá ní 711. Ìgboyà wà nínú ìtumọ̀ rẹ̀. Ìdajì tó kù, àwọn kan ní ìrìn àjò ni, àwọn kan ní àlàáfíà ni. Àwọn ọba tó jẹ́ Fernando pọ̀ ní Castile àti León. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú àwọn ti ìgbà láéláé ni Fernando Kẹta, tó gba Seville ní 1248, tí ìjọ Àgùdà sì kà mọ́ àwọn ẹni mímọ́ ní 1671. Bí ọba bá ń jẹ́ orúkọ kan, ẹ mọ̀ pé tálákà á fi sọ ọmọ.

Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ tẹjú mọ́ nìyí: láyé ìgbà yẹn, orúkọ náà kì í dúró sójú kan. Ẹ wo akọni wọn tí wọ́n ń pè ní El Cid, tó kú ní 1099. Bàbá bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Laín Núñez. Bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Diego Laínez. Òun fúnra rẹ̀, Rodrigo Díaz. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Diego Rodríguez. Ìran mẹ́rin, ẹ̀jẹ̀ kan náà, orúkọ mẹ́rin! Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ìdílé bẹ̀rẹ̀ sí í di ọ̀kan mú, tí wọ́n ń fi sílẹ̀ fún ọmọ àti ọmọ ọmọ. Ó sì tó nǹkan bí ọdún 1500 kó tó fìdí múlẹ̀. Ṣebí bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí àwa náà nìyẹn. Olùkọ́ béèrè orúkọ bàbá lọ́jọ́ tí wọ́n mú ọmọ lọ síléèwé, Adébáyọ̀ tó jẹ́ orúkọ àbísọ bàbá wá di orúkọ ìdílé. Gbogbo Adébáyọ̀ tó wà n'Íbàdàn kì í ṣe ọmọ bàbá kan. Ibikíbi tí Fernando kan bá ti bímọ ni ìdílé Fernández kan ti lè ṣẹ̀.

Wọ́n pọ̀ bí èèrà níbí. García ló ṣáájú gbogbo orúkọ ní Spéìn, Rodríguez àti González tẹ̀ lé e, Fernández ṣe ìkẹrin. Orúkọ ìdílé méjì ni wọ́n ń jẹ́ níbí, ti bàbá ló ṣáájú; àwọn tí Fernández jẹ́ àkọ́kọ́ nínú méjèèjì, ọ̀rọ̀ bíi 900,000 èèyàn ni. Àríwá ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n ti kún jù: ní Asturias, òun ló borí gbogbo orúkọ, ó sì tún pọ̀ ní Galicia àti León. Ní Asturias, ẹ máa rí ẹni tó ń jẹ́ Fernández Fernández, bàbá jẹ́ ẹ, ìyá náà jẹ́ ẹ, wọn ò sì bára tan rárá. Ẹ lọ sórí ìkànnì INE, àjọ tó ń ka èèyàn ní Spéìn, ẹ tẹ orúkọ tó bá wù yín síbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, á sì fi iye wọn hàn yín láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀.

Ọmọ_Blues:
Enzo Fernández tó dé Chelsea ní 2023, ọmọ Ajẹntínà, z ló wà nídìí tiẹ̀. Bruno Fernandes ti Man U, ọmọ Pọ́túgà, s ni. Ìyá Ìbejì, z lẹ kọ, tiwa ni yín. Ẹ káàbọ̀ sí Stamford Bridge.

Alàgbà_Pópó:
Ọmọ_Blues, o ò níṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ s àti z tó o fọwọ́ kàn yẹn ló yẹ ká tú wò, nítorí òun gan-an ló ń ṣi àwọn ọmọ wa lọ́nà.

Òótọ́ ni pé ní Spéìn, z ni, ní Pọ́túgà àti Bràsíl, s ni. Àmọ́ ní Èkó, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kọ orúkọ àwọn baba wa sílẹ̀, ìyẹn àwọn Àgùdà tó ti oko ẹrú Bràsíl àti Kúbà padà dé, akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ni, àlùfáà Faransé ni, oníṣòwò Jámánì ni. Bó ṣe dún létí kálukú ló ṣe kọ ọ́. Ẹ ṣe bí ẹ ò rí i pé Gomez pẹ̀lú z ń bẹ ní Lafiaji, tí gbogbo ayé sì mọ̀ pé Bràsíl ni wọ́n ti dé. Ẹ rántí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà ní Tinúbú, tí a ń pè ní Ilojo Bar. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní 1855, wọ́n ń ta ọtí àti oúnjẹ nísàlẹ̀ rẹ̀. Casa do Fernandez ni wọ́n ń pè é. "Casa do" yẹn, Pọtogí pọ́ńbélé ni. Bó bá jẹ́ ti Spéìn, "Casa de" ni wọn ì bá pè é. Orúkọ ló fi z parí, ẹnu tó ń pè é, ẹnu Bràsíl ni. Ìdílé Ọláìyá tó wá láti Ìjẹ̀ṣà-Isu ní Èkìtì ra ilé náà ní 1933, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1956, wọ́n sì wó o lulẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2016. Mo kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mi ò lè wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ n má bọ́ sórí ìyẹn.

Àwọn tó ti Kúbà dé náà wà ní Èkó o, wọn ò kàn pọ̀ tó ti Bràsíl. Ìdílé Campos tí Campos Square ń jẹ́ orúkọ wọn, Kúbà ni wọ́n ti wá. Nítorí náà ọ̀nà méjì ló ṣí sílẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan. Ìyá Ìbejì, ìbéèrè tẹ́ ẹ máa bi màmá kì í ṣe "ṣé Spéìn la ti wá". Ẹ bi wọ́n pé: orin wo ni àwọn àgbà ilé ń kọ lọ́jọ́ ọdún? Èdè wo ni wọ́n fi ń gbàdúrà nígbà tí wọn ò fẹ́ káwọn ọmọdé gbọ́? Ta ni bàbá ìsàmì bàbá wọn? Oríkì wo ni wọ́n ń ki ilé yín? Oríkì á sọ ìlú tí wọ́n ti kó baba ńlá yín lẹ́rú, yálà Ọ̀yọ́ ni, Ẹ̀gbá ni, Ìjẹ̀ṣà ni. Ibẹ̀ gan-an ni orísun yín. Fernandez kàn bá yín lójú ọ̀nà ni.

Ṣọlá_Ọ̀jọ̀gbọ́n:
Mo ti kà á níbì kan pé gbogbo orúkọ tó bá ti parí sí "-ez" jẹ́ orúkọ àwọn Júù tí wọ́n lé kúrò ní Spéìn ní 1492. Ìdí nìyẹn tí páspọ́ọ̀tù fi ṣeé gbà. Kí àbúrò màmá máa bọ̀.

Àjàní_Madrid:
Bùrọ̀dá Ṣọlá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n irọ́ tó ń pa owó wọlé fún àwọn kan nìyẹn. Òótọ́ ni pé àwọn Júù kan jẹ́ orúkọ oní "-ez", pàápàá àwọn tí wọ́n fipá rì bọmi. Àmọ́ àgbẹ̀ ń jẹ́ ẹ, alágbẹ̀dẹ ń jẹ́ ẹ, ìjòyè ń jẹ́ ẹ. Orúkọ tí èèyàn bíi 900,000 ń jẹ́ kò lè sọ ẹ̀sìn baba ńlá ẹnikẹ́ni.

Òfin wà lóòótọ́, òfin 12 ti ọdún 2015, fún àwọn ọmọ Júù Sefádì, ìyẹn ìran àwọn Júù tí wọ́n lé kúrò ní Spéìn. Kí ó tó jáde ni àtòjọ orúkọ kan ti ń rìn káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún orúkọ, wọ́n ní bí tìrẹ bá wà níbẹ̀, o ti di ọmọ Spéìn. Ìjọba ò gbé irú àtòjọ bẹ́ẹ̀ jáde rí. Ẹ̀rí ìdílé ni wọ́n ń béèrè, wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn ìbéèrè ní oṣù Kẹwàá 2019. Òfin mìíràn tún jáde ní 2022 fún ọmọ àti ọmọ ọmọ àwọn ọmọ Spéìn kan, òun náà ti parí ní oṣù Kẹwàá 2025, ìwé ìbí ẹni tí wọ́n bí sí Spéìn ló sì ń fẹ́, kì í ṣe orúkọ. Ẹ sọ fún àbúrò màmá kí wọ́n má fún agẹ́ńtì kankan lówó.

Ẹ tún gbọ́ eléyìí. Ní Filipínì, ní oṣù Kọkànlá 1849, gómìnà Spéìn tó ń jẹ́ Narciso Clavería pàṣẹ pé kí gbogbo ìdílé ní orúkọ ìdílé tó dúró. Wọ́n tẹ ìwé orúkọ, wọ́n pín in láti ìlú dé ìlú. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn ìlú kan níbẹ̀ fi wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé lẹ́tà kan náà ni gbogbo orúkọ àwọn ará ìlú fi bẹ̀rẹ̀. Orúkọ Spéìn kún ọwọ́ wọn, ẹ̀jẹ̀ Spéìn kò sí lára ọ̀pọ̀ wọn.

Àbẹ̀kẹ́_Tampa:
Ẹ kú ìjókòó o. Ọmọ Kúbà ni ọkọ mi, mo ti bá wọn wá ìdílé wọn, torí náà ẹ jẹ́ n sọ bí ọ̀nà Kúbà ṣe rí, bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ti Ìyá Ìbejì já sí.

Ẹrú kì í ní orúkọ ìdílé. Orúkọ ìrìbọmi ni wọ́n máa ń fún un, wọ́n á wá fi ibi tó ti wá tì í: "de nación lucumí", Lùkùmí, ìyẹn àwa Yorùbá. Bó bá dòmìnira, tàbí lẹ́yìn tí wọ́n fòpin sí oko ẹrú ní Kúbà ní 1886, orúkọ ọ̀gá ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ wo Julián de Zulueta, ará ilẹ̀ Basque tó fi òwò ẹrú àti oko ìrèké di ọlọ́rọ̀ jaburata ní Kúbà. Ọ̀pọ̀ Zulueta ní Kúbà lónìí ló jẹ́ dúdú bíi tiwa. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, orúkọ bàbá ìsàmì ni wọ́n ń mú. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá rí Fernández, ó lè jẹ́ olówó ẹrú, ó lè jẹ́ bàbá ìsàmì, ó lè jẹ́ bàbá tó bímọ gan-an.

Ìwé ìjọ ni kẹ́ ẹ wá, ẹ sì mọ̀ pé wọ́n pín in sí méjì: ti àwọn òyìnbó lọ́tọ̀, ti "pardos y morenos", ìyẹn àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn tí dúdú pẹ̀lú funfun jọ bí, lọ́tọ̀. Ẹni tó bá ń wá baba ńlá rẹ̀ nínú ìwé àkọ́kọ́, á wá a títí ni. Yunifásítì Vanderbilt ní Amẹ́ríkà ti ya púpọ̀ nínú ìwé wọ̀nyí, wọ́n sì gbé e sórí ayélujára lọ́fẹ̀ẹ́, lábẹ́ orúkọ Slave Societies Digital Archive. Ti Kúbà wà níbẹ̀, ti Bràsíl wà níbẹ̀. Ìwé àfọwọ́kọ ni, ojú á rẹ̀ yín.

Ẹ tún ṣọ́ra fún orúkọ méjì tí wọ́n ń jẹ́. Lọ́dọ̀ àwọn ọmọ Spéìn, orúkọ bàbá ló ṣáájú, ti ìyá ló kẹ́yìn: José Fernández López, Fernández ni ilé bàbá rẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn ọmọ Pọ́túgà àti Bràsíl, ti ìyá ló sábà máa ń ṣáájú: José Lopes Fernandes, Fernandes tó kẹ́yìn ni ti bàbá. Obìnrin Spéìn kì í sì fi orúkọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ọkọ. Nínú ìwé ìyá ọkọ mi àgbà, ẹ máa rí "s.o.a." lẹ́yìn orúkọ kan ṣoṣo tó ní: "sin otro apellido", kò ní orúkọ mìíràn. Àwọn tí bàbá ò tẹ́wọ́ gbà àti àwọn ọmọ ẹrú ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ọkọ mi ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, èébú ni.

Ọmọ_Blues:
Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, èyí wọ̀ mí lára. Torí náà Jhon Lucumí, dífẹ́ńdà Kòlóḿbíà tó lọ sí Bologna ní 2022, tiwa ni?!

Àbẹ̀kẹ́_Tampa:
Orúkọ yẹn, tiwa ni. Ní Cauca àti Valle del Cauca ní Kòlóḿbíà, ohun tí wọ́n kọ sórí ẹrú láti fi sọ ibi tó ti wá ló di orúkọ ìdílé fún àwọn ọmọ rẹ̀: Lucumí, Carabalí, Mina. Àwọn yẹn ò gba orúkọ ọ̀gá.

Ṣọlá_Ọ̀jọ̀gbọ́n:
Mo ti gbà. Hernández ńkọ́? Ṣé òun àti Fernández jọ jẹ́ ọ̀kan ni?

Àjàní_Madrid:
Bùrọ̀dá, ọ̀kan ni láti ìpilẹ̀. Èdè Castile, tí a ń pè ní Spanish lónìí, ló sọ "f" ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ di "h", "h" náà ò sì dún mọ́. Fernando di Hernando, ọmọ rẹ̀ wá ń jẹ́ Hernández. Ó pọ̀ gan-an ní erékùṣù Canary, ní Mẹ́síkò sì rèé, òun ló ṣáájú gbogbo orúkọ. Àríwá ìwọ̀-oòrùn Spéìn níbi tí "f" ti dúró ni Fernández ti rọ́wọ́ mú. Ẹ rántí pé èdè Galicia àti Pọtogí, ọmọ ìyá ni wọ́n. Wọ́n ti kọ ọ́ ní Fernandes ní Galicia rí, kí ìkọ̀wé Castile tó gbà á.

Ìyá_Ìbejì_Sùúrùlérè:
Orí mi ti wú! Ẹ ṣé, ẹ ṣé. Mo ti bá màmá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ìyá bàbá àwọn máa ń fi "èdè Àgùdà" ka rosary, wọ́n tiẹ̀ kọ díẹ̀ lára orin Bonfim fún mi lórí fóònù. Fréjọ̀n, ẹ̀wà tí wọ́n fi omi àgbọn sè, sì ń bẹ nílé wọn ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì Rere. Ìwé àdúrà kan wà ní àpótí, Fernandes pẹ̀lú s ló wà lójú ewé àkọ́kọ́. Ìwé ilẹ̀ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà, z. Asà ńkọ́ báyìí? Ẹ̀gbọ́n Houston ti ń bínú. Wọ́n tún ní ká lọ ṣe DNA.

Alàgbà_Pópó:
Bonfim! Orin ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim ní Bahia, ní Bràsíl, nìyẹn, ọmọ mi. Fréjọ̀n nìkan kò tó ẹ̀rí, torí gbogbo Èkó ló ti ń sè é báyìí, Mùsùlùmí ń jẹ ẹ́. Àmọ́ orin Bonfim, pẹ̀lú lẹ́tà s tó wà nínú ìwé àdúrà yẹn, mo rò pé ọ̀nà Bràsíl ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà.

Ní ti asà, ní Spéìn, ìran kan ló ni asà, orúkọ kò ni ín. Gonzalo Fernández de Córdoba, ọ̀gágun wọn tó kú ní 1515, ní asà tiẹ̀, ti ìran tiẹ̀ sì ni. Fernández tó ń sin màlúù lórí òkè ní Asturias ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i, áńbọ̀sì-bọ́sí Fernandez Pópó Àgùdà. Àwọn tó ń tà á lórí ayélujára, orúkọ tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ni wọ́n á bá yín wá asà fún. Ẹ tẹ Ògúnbánjọ wò.

Àbẹ̀kẹ́_Tampa:
DNA lè bá yín rí ìbátan ní Salvador, olú ìlú Bahia, ìyẹn sì dára, ẹ lè bi onítọ̀hún ní orúkọ àwọn àgbà rẹ̀. Àmọ́ kò lè sọ ẹni tó fún yín ní Fernandez. Orúkọ tó wọ́pọ̀ tó báyìí, ọkùnrin méjì lè jẹ́ ẹ kí ẹ̀jẹ̀ wọn má pàdé níbì kankan. Ẹ fi ìyẹn ṣe ìkẹyìn, lẹ́yìn ìwé.

Akọ̀wé_Ìjọ:
Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ láti àná. Mo ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọ Àgùdà rí, mo mọ bí ìwé wọ̀nyí ṣe rí. Kí àwọn àlùfáà SMA, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Àgùdà láti Faransé, tó máa gbé Èkó ní àwọn ọdún 1860, ọkùnrin kan tó ti Bràsíl dé, tí wọ́n ń pè ní Pàdírè Antonio, ló ń kó àwọn Àgùdà jọ fún àdúrà. Lẹ́yìn tí àlùfáà dé ni ìwé ìrìbọmi bẹ̀rẹ̀ sí í dúró déédéé.

Látìn ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Nọ́ńbà á wà ní etí ewé, déètì á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà orúkọ ọmọ, orúkọ bàbá àti ìyá, "patrinus" ni bàbá ìsàmì, "matrina" ni ìyá ìsàmì, àlùfáà á wá fọwọ́ sí i. Orúkọ ìrìbọmi lè yí padà, José á di Josephus, Fernando á di Ferdinandus. Ẹ má fo orúkọ àwọn bàbá ìsàmì. Àwọn tó jọ wọ ọkọ̀ ojú omi dé láti Bahia máa ń gba ọmọ ara wọn, nítorí náà bí ti ìdílé yín bá sọ nù, ti wọn lè gbé yín débẹ̀.

Ìyá Ìbejì, ẹ kọ lẹ́tà sí àlùfáà tó ń bójú tó Holy Cross, kàtídírà ìjọ Àgùdà ní Èkó, ẹ má kàn lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ orúkọ bàbá màmá ní ọ̀nà méjèèjì, s àti z, ọdún tẹ́ ẹ rò pé wọ́n bí i pẹ̀lú ọdún mélòó kan ṣáájú àti lẹ́yìn, orúkọ ìyá rẹ̀, àti àdúgbò. Ẹ so fọ́tò ojú ewé ìwé àdúrà yẹn mọ́ ọn. Wọ́n lè má jẹ́ kẹ́ ẹ ya fọ́tò ìwé ìjọ, ṣùgbọ́n wọ́n lè da ohun tó wà níbẹ̀ kọ fún yín kí wọ́n sì tẹ òǹtẹ̀ lé e. Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ má lọ lẹ́yìn Máàsì ọjọ́ Àìkú, torí àwọn tó ń gba ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó á ti tò dé ẹnu ọ̀nà.